Kí Àlùfáà Tó Dé

Ní Sunday tí àlùfáà wa kéde pé kí olúkúlùkù ọmọ ìjọ mú ẹnì kan tí kò mọ Jésù wá sí ìsìn ìkórè, obìnrin tó jókòó tì mí fi ìgúnpá tọ́ mi. Ó ní, "Mama Tíṣà, ṣebí torí iṣẹ́ yìí gan-an la ṣe ń san owó oṣù fún wọn?" Píjìn Warri ló fi sọ ọ́, ó sì dùn létí ju bí mo ṣe kọ ọ́ yìí lọ. Mo fi ìwé orin bo ẹnu kí àwọn ará iwájú má baà gbọ́ ẹ̀rín mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá mi délé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílé ẹ̀kọ́ girama nílùú yìí, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé irínwó ọdún ní Warri.

Àwọn Àgùdà ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀sìn Kristi wá síbí. Ní nǹkan bí 1570 sí 1580, àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Augustine láti erékùṣù São Tomé gba inú ẹrẹ̀ àti igbó etídò wa kọjá dé ààfin Olu, ọba Warri, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ọmọ ọba, wọ́n sọ ọ́ ní Sebastian. Nígbà tí Sebastian di Olu, àlùfáà ti ṣọ̀wọ́n. Ibà ń bá wọn jà, owó kò tó láti fi gbọ́ bùkátà wọn, àwọn ọlọ́kọ̀ Pọtogí kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ẹnu odò wa. Ọba fúnra rẹ̀ ló wá ń kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, arúgbó ọba! Ó rán ọmọ rẹ̀, Domingos, lọ kàwé ní Pọtogí ní 1600. Ọmọ náà lò tó ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, ó sì mú ìyàwó òyìnbó, ọmọ ọlọ́lá, padà wálé. Òun la mọ̀ sí Olu Atuwatse Kìn-ín-ní. Nígbà tó fi máa di 1652, Antonio Domingos, ọmọ obìnrin òyìnbó yẹn, ti wà lórí oyè, ó sì ń kọ lẹ́tà sí Póòpù ní Róòmù pé kí wọ́n ṣàánú òun, kí wọ́n rán àlùfáà sí òun.

Ibí yìí ni mo máa ń dúró sí nínú kíláàsì. Ọba aládé ń tọrọ ẹni tí yóò wá ṣe ìrìbọmi! Àwọn atukọ̀ ńkọ́? Àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀, tí wọ́n ń mọ ìkòkò ní Ode-Itsekiri, olú ìlú ọba, ńkọ́? Kò jọ pé ẹnikẹ́ni rò pé iṣẹ́ náà kàn wọ́n. Ààfin ni ẹ̀sìn náà ń gbé, bí aṣọ oyè tí wọ́n ń ká sínú àpótí. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ John Adams wọ ààfin yẹn, ó sì bá àgbélébùú àti ère àwọn ẹni mímọ́ tí ara wọn ti kán lórí tábìlì kan. Ohun tó kù nìyẹn. Olu Akengbuwa wàjà ní 1848, oyè sì ṣófo títí di 1936.

Àwọn tó tún iná náà dá kì í ṣe èèyàn ńlá. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi aṣojú wọn sí Warri àti Sapele ní 1891, àwọn akọ̀wé tẹ̀ lé wọn wá láti Èkó, àwọn Sàró, àwọn ará Gold Coast. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ra epo pupa náà kó tiwọn wá. Yorùbá pọ̀ láàárín wọn. Bó bá di Sunday, kò sí agogo, kò sí àlùfáà. Ẹni tó ní yàrá tó fẹ̀ díẹ̀ yóò ṣílẹ̀kùn, ẹni tó mọ̀wé yóò ka Bíbélì Yorùbá, èyí tí odidi rẹ̀ ti jáde láti 1884. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Holy Johnson nítorí líle rẹ̀, dé agbègbè wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn tó ń péjọ ló bá. Kí á má purọ́ mọ́ ọn: ó ṣètò wọn, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ wọn létí pé ìjọ gbọ́dọ̀ bọ́ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló gbin irúgbìn náà.

Bíbélì Yorùbá yẹn ló tún di ti àwọn Itsekiri, àwọn èèyàn Olu, fún ọjọ́ pípẹ́. Èdè wọn àti Yorùbá tiwa sún mọ́ra; ẹni tí a bí sí Ìjẹ̀bú bíi bàbá mi kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gbọ́ wọn. Ọmọ tiwa ni ọma tiwọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó dá wàhálà sílẹ̀. Oritse ni wọ́n ń pe Ọlọ́run, èyí tó jẹ́ ìbátan òrìṣà tiwa, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú Bíbélì Yorùbá, òrìṣà ni ohun tí a ní kí àwọn èèyàn sá fún. Ẹ wo ìyá arúgbó kan tí orúkọ ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Oritse, tó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbọ́ pé kí á fi òrìṣà sílẹ̀!

Ìyá mi ta aṣọ ní ọjà Ogbe-Ijoh. Oníbàárà kan fi ìbínú bi í léèrè ìdí tí ìwé wa fi ń bú Ọlọ́run àwọn. Ìyá mi kò mọ̀wé, kò sì sí olùkọ́ni nítòsí. Ó na àǹkárá méjì sílẹ̀, ó ní, "Àwọ̀ wọn jọra, àbí? Fọwọ́ kàn wọ́n. Ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Oritse tiyín ni Ọlọ́run tiwa. Òrìṣà tí ìwé ń bá wí, ère ni." Obìnrin náà ra ọ̀kan, ó sì tún padà wá láti wá bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Ọ̀dọ̀ àwọn Urhobo le díẹ̀ sí i, torí èdè wọn jìnnà sí tiwa, Májẹ̀mú Tuntun tiwọn kò sì jáde títí di 1951. Ògbufọ̀ ló ń dúró ti oníwàásù. Ògbufọ̀ lè jẹ́ ọmọ ilé ìwé, ó lè jẹ́ oníṣòwò. Nígbà mìíràn oníwàásù á sọ gbólóhùn kan, ògbufọ̀ á sọ mẹ́wàá. Mo gbọ́ pé ìwàásù ògbufọ̀ ló máa ń dára jù.

Àwọn aláṣẹ kò fìgbà gbogbo fẹ́ràn irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Garrick Braide ará Bakana, ọmọ ìjọ lásán, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, ó ń wàásù, ogunlọ́gọ̀ sì ń tọ̀ ọ́ lọ ní 1915. Bíṣọ́ọ̀bù Johnson kan náà dojú kọ ọ́, ìjọba sì mú un ní 1916. Ó kú ní 1918. Gideon Urhobo dá God's Kingdom Society sílẹ̀ ní 1934, olú ilé wọn, Salem City, ṣì wà lọ́dọ̀ wa ní Warri níbí. Ẹ̀kọ́ wọn kì í ṣe tèmi, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé wọn kò mọ̀ bí a ṣe ń kan ilẹ̀kùn. Ti àwọn tó ń fi gbohùngbohùn jí wa ní aago márùn-ún ìdájí ni mi ò lè gbà. Ìyá mi kò pariwo rí.

Ìwé gbèsè rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ń kọ ọ́ fún un, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní 1961. Apá ọ̀tún jẹ́ ti àwọn tó jẹ ẹ́ lówó. Apá òsì jẹ́ ti àwọn tó ti ṣèlérí pé àwọn máa bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní kí n kọ ọ́ sókè pé wọ́n jẹ òun ní Sunday. Bí ẹnì kan bá wá, a ó fa ìlà.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo gbé ìwé náà lọ, mo ṣí i sí ojú ewé kan, mo sì fi han obìnrin tó fi ìgúnpá tọ́ mi yẹn. Ìyá ìyá rẹ̀ ni oníbàárà alájàngbọ̀n yẹn; orúkọ ìyá àgbà náà wà ní apá méjèèjì. Ó wo ìlà tí mo fà sí apá òsì, ó pẹ́ kí ó tó gbé ojú sókè.

Ó ní, "Owó yẹn ńkọ́, ṣé ó san án?"

Mo ní ó ku ṣílè mẹ́rin.