Ẹ̀kọ́ ìgbà ìwọ́wé ní jẹ́lé-ó-sinmi Ìyànà Ìpájà

Ẹ̀kọ́ ìgbà ìwọ́wé ni eré àti iṣẹ́ ọwọ́ tí olùkọ́ fi ń mú ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún mọ bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí padà: wọ́n á ṣa ewé, wọ́n á kà á, wọ́n á tò ó ní àwọ̀ àwọ̀, wọ́n á tọ́ èso wò. Ilẹ̀ Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà ló ti wá. Lọ́hùn-ún, bí oṣù kẹsàn-án bá dé, ojúmọmọ á máa kúrú, òtútù á sì máa wọlé. Èròjà tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀ á tán lára rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ á yọjú, ewé á sì já. Friedrich Froebel, tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé ní Bad Blankenburg ní Jámánì lọ́dún 1837, ka ọgbà àti iṣẹ́ ọwọ́ sí ara ẹ̀kọ́ gan-an. Maria Montessori ṣí tirẹ̀ ní Róòmù lọ́dún 1907. Orúkọ rẹ̀ kò wọ́n lára pátákó iléèwé aládàáni l'Ékòó.

Ìyànà Ìpájà wà lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, níbi tí ìkànìyàn 2006 ti ka ènìyàn 1,277,714. Èrò pọ̀, ilẹ̀ wọ́n, nítorí náà inú ilé gbígbé ni ọ̀pọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni wà, kọnkéré ló sì bo àgbàlá wọn. Oṣù kẹsàn-án ni sáà kìíní ń bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí ìgbà ìwọ́wé òkè òkun gẹ́lẹ́. Ìwé àwòrán tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì á wá gbé ewé maple àti ọ̀kẹ́rẹ́ abìrù-ńlá wá fún ọmọ láti kùn, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ níta tí gbogbo ewé sì tutù. Ọmọ á mọ ọ̀dà kùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ́ ohunkóhun nípa àyíká rẹ̀.

Ewé ń wọ́ l'Ékòó náà. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń wọ́ ọ. Láti ìparí oṣù kọkànlá ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, omi á dín nínú ilẹ̀, igi á sì ju ewé rẹ̀ nù. Igi fúrúùtù, tí wọ́n sábà ń gbìn síwájú iléèwé fún ibòji, ni olùkọ́ rere. Bí oṣù kìíní bá dé, ewé rẹ̀ á pọ́n, òmíràn á mú àwọ̀ ewé tútù, ìyeyè àti pupa pọ̀ lójú kan náà. Ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Dojú rẹ̀ dé, tẹ́ pépà lé e, fi crayon ra orí rẹ̀: gbogbo iṣan ewé á hàn ketekete. (Kí olùkọ́ yáa kó òkúta kúrò nílẹ̀, torí àwọn ọmọ á fẹ́ fi fọ́ kóró èso igi náà jẹ.)

Sáà kejì, tó bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ló wá yẹ ẹ̀kọ́ yìí ní Ìyànà Ìpájà, kì í ṣe sáà kìíní. Ìgbà náà ni àgbálùmọ̀ kún ọjà, tí oje rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ètè ọmọ. Wọ́n á fọ kóró rẹ̀ tó ń dán, wọ́n á fi kọ́ òǹkà, àmọ́ lójú olùkọ́ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà ki í bọ imú. Àǹkáṣíìfù tútù méjì náà tó kọ́ wọn ní ọyẹ́: ọ̀kan lórí okùn níta, èkejì nínú ọ̀rá tí wọ́n dì lẹ́nu. Èwo ló kọ́kọ́ gbẹ?

Òfin kò dí ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́: òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) ti 2004 ka ẹ̀kọ́ ọmọdé kún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, òfin Èkó ti 2018 sì sọ Yorùbá di dandan ní iléèwé ìjọba àti ti aládàáni. Ṣáájú ìyẹn, láti 1970, onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ifẹ̀. Ohun tó ṣì ń dí ọ̀pọ̀ kíláàsì lọ́wọ́ ni àìsí igi. Olùkọ́ irú iléèwé bẹ́ẹ̀ máa ń ṣa ewé wá láti àdúgbò sínú ọ̀rá, tàbí kí ó gbin ẹ̀fọ́ sínú ike ọ̀dà lẹ́bàá ògiri.