Kóró Ju Kóró Lọ: Ìtàn Ápíríkọ́ọ̀tì àti Orúkọ Fítámíìnì

Ọmọ inú kóró kì í ṣe àjèjì lẹ́nu Yorùbá. Èkùrọ́ ni a fi ń ṣe àdín. Inú kóró òro ni a ti ń yọ àpọ̀n tí a fi ń se ọbẹ̀. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé àwọn kan ní Amẹ́ríkà ń jẹ ọmọ inú kóró èso láti fi wo àrùn jẹjẹrẹ, ó lè má jọ wá lójú. Ṣùgbọ́n kóró ju kóró lọ. Èso tí à ń wí yìí ni ápíríkọ́ọ̀tì, èso ilẹ̀ olótùútù tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn tó pọ́n. Ara rẹ̀ dùn. Ọmọ inú kóró rẹ̀ ni ó korò.

Ohun tí ó mú un korò kì í ṣe àwámárìídìí. Ní ọdún 1830, àwọn ará Faransé méjì, Robiquet àti Boutron-Charlard, yọ èròjà kan jáde láti inú álímọ́ńdì kíkorò, èyí tí a mọ̀ sí amygdalin. Èròjà yìí kan náà ni ó wà nínú kóró ápíríkọ́ọ̀tì. Ní 1837, Wöhler àti Liebig ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé bí a bá pa amygdalin pọ̀ mọ́ ohun mìíràn tí ó wà nínú irú kóró bẹ́ẹ̀, nínú omi, á fọ́ sí wẹ́wẹ́: ṣúgà á jáde, òróró olóòórùn dídùn á jáde, májèlé tí a ń pè ní sáyánáídì náà á sì jáde. Iṣẹ́ ibi sáyánáídì ni pé kì í jẹ́ kí ara lo afẹ́fẹ́ tí a mí sínú. Ẹ̀jẹ̀ gbé e dé, ara kò rí i lò.

Báwo wá ni májèlé tí a ti mọ̀ fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe di oògùn? Láàrin ọdún 1950 sí 1960, Ernst Krebs àti ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ní California, ń polongo oògùn kan tí wọ́n pè ní Laetrile, ìbátan amygdalin. Wọ́n ní sáyánáídì inú rẹ̀ yóò pa jẹjẹrẹ nìkan, kò ní fọwọ́ kan ara tó kù. Nígbà tí ó yá, ọmọ yìí, tí kì í ṣe dókítà oníṣègùn, yí ohùn padà: ó ní fítámíìnì ni, B17, àti pé àìrí i jẹ ni ó ń fa jẹjẹrẹ. Irọ́ ni. Fítámíìnì ni ohun tí ara kò lè ṣe aláìní. Àìjẹ amygdalin kì í sọ ènìyàn di aláìsàn. Yorùbá gbà pé orúkọ a máa ro ọmọ. Eléyìí kò ro ọmọ rẹ̀ rárá. Lójú tèmi, òfin ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ náà sá fún, nítorí ẹni tí ó ń ta oògùn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ìwòsàn han ìjọba. Ẹni tí ó ń ta oúnjẹ kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lọ́rùn.

Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Kí ọdún 1982 tó parí, ìpínlẹ̀ tó lé ní ogún ní Amẹ́ríkà ti fàyè gba Laetrile. Steve McQueen, gbajúmọ̀ òṣèré sinimá, gbà á lára ìtọ́jú tí ó lọ wá ní Mẹ́síkò. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1980. Ní 1982, Charles Moertel ti Mayo Clinic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí aláìsàn 178 jáde. Kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn sàn. Sáyánáídì inú ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn sì ti ń súnmọ́ ìwọ̀n tí ó lè pani. Èyí tí ó dunni jù ni ti ẹni tí àrùn rẹ̀ ṣì ṣeé tọ́jú ní ilé ìwòsàn, tí ó fi oṣù iyebíye jẹ kóró.

Irú májèlé yìí kò jìnnà sí wa. Ó wà nínú ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe sí i: wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, wọn á jẹ́ kí ó kan kí wọ́n tó yan án ní gàrí. Làálàá yìí ni ó ń lé sáyánáídì jáde. Ẹni tí ó ń jẹ kóró ápíríkọ́ọ̀tì tútù kò ro nǹkan kan dànù. Májèlé gan-an ni ó ń wá.

Ní 2016, àjọ tí ó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ṣírò rẹ̀: bí àgbàlagbà bá jẹ ju kóró kéékèèké mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè kọjá ààlà, fún ọmọ kékeré, ẹyọ kan lè pọ̀ jù. Orí fífọ́, èébì àti àìlèmí dáadáa wà lára àmì rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà á, B17 sì ni àwọn kan ṣì ń pè é.