Lùkúlùkú àti Kòrónà: Bí Àjàkálẹ̀ Àrùn Ṣe Kan Ọjà àti Iṣẹ́ Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú

Bí a bá béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ àwọn àgbà ìgbà kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, wọn kì í pe ọdún òyìnbó. Wọ́n á ní a bí àwọn ṣáájú lùkúlùkú, tàbí pé àwọn ti ń rìn nígbà lùkúlùkú. Ọdún 1918 ni wọ́n ń tọ́ka sí. Orúkọ yìí náà ni ọ̀pọ̀ olùsìn adìẹ fi ń pe àrùn tí í pa adìẹ lọ bẹẹrẹ.

Àwọn òpìtàn ìjọ Aládùúrà ti kọ ipa tiwọn nínú ìtàn ọdún náà, nítorí ẹgbẹ́ àdúrà tí ó dìde nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí a kò kọ tó ni ìtàn ọjà àti iṣẹ́. Èyí ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, kí a sì fi kòrónà ọdún 2020 wé e. Èrò wa ni pé ọ̀nà kan náà ni òwò àti àrùn ń tọ̀, àti pé ẹni tí ń jẹun òòjọ́ ni ìnira rẹ̀ máa ń wọ̀ lọ́rùn jù.

Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé lùkúlùkú wọ ìhà wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1918, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, HMS Mantua, gúnlẹ̀ sí Freetown, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti máa ń kó èédú. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 27 oṣù náà, nǹkan bí 500 nínú 600 lébìrà tí ń kó èédú níbẹ̀ ni kò lè wá sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, àwọn ọkọ̀ òwò kò dúró. Ní oṣù kẹsàn-án, àrùn ti wọ Èkó. Àwọn wolé-wolé ń wọ ilé dé ilé láti wá aláìsàn, a ti ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn pa, ẹ̀rù sì mú kí ọ̀pọ̀ sá lọ sí ìlú wọn. Wọ́n ru àrùn dání láìmọ̀. Ó bá rélùwéè dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ó sì bá a dé Kánò. Lóòótọ́, rélùwéè kò kan Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ní ọ̀sà. Ọjà Èjìnrìn, létí ọ̀sà, ni àwọn ènìyàn wa ti ń bá Èkó ṣòwò. Ẹni tí ó bá wo ọ̀nà yìí kò ní béèrè bí ìlú tí kò ní rélùwéè ṣe mọ lùkúlùkú.

A fojú bù ú pé àwọn tí ó kú ní Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù. Iye nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Àìsàn òtútù a máa pa arúgbó àti ọmọ ọwọ́. Èyí ń mú àwọn ẹni ogún sí ogójì ọdún lọ, àwọn gan-an tí ń roko, tí ń rẹrù, tí ń tukọ̀. Àsìkò tí a ń ká kòkó, tí a sì ń wa iṣu, ni ó sì jà. Iṣu ń fẹ́ ebè, ó ń fẹ́ igi tí yóò fà gùn, ó ń fẹ́ èbù. Ilé tí ebi mú tí ó jẹ èbù rẹ̀ kò ní ohun tí yóò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ̀gẹ́ kò béèrè gbogbo èyí. Igi rẹ̀ ni a ń gbìn, ó sì lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ kí a tó wà á. Ní 1981, òpìtàn Don Ohadike fi èyí ṣàlàyé bí ẹ̀gẹ́ ṣe tàn kálẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò Ọya. Ṣé a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa gaàrí Ìjẹ̀bú? Ní tèmi, kí a ṣọ́ra. Àwọn Àgùdà tí ó ti Bùràsíìlì bọ̀ ti mú ìmọ̀ gaàrí wá sí etíkun kí lùkúlùkú tó dé. Bákan náà, iye owó ọjà oko gòkè ní 1919, ó sì já lulẹ̀ ní ìparí 1920, ṣùgbọ́n ìparí ogun àgbáyé ni ó fà á jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá di gbogbo rẹ̀ ru lùkúlùkú kò yẹ kí ó gba máàkì kíkún.

Bàálù ni kòrónà wọ̀ wá ní tirẹ̀. Ará Ítálì kan tí iṣẹ́ gbé wá sí Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ni wọ́n kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Ògùn. Nígbà tí a fún ni láàyè díẹ̀, ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ẹtì ni a lè jáde, láti aago 7 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọjà ọrọọrún kì í wo kàlẹ́ńdà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: láàárín ọjọ́ 28, irú ọjà bẹ́ẹ̀ yóò ná lẹ́ẹ̀meje, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ nínú ọ̀sẹ̀. Mẹ́ta péré ni yóò bọ́ sí ọjọ́ ìyọ̀ǹda. Alátẹ tí ń ra ẹ̀fọ́ lóko kí ilẹ̀ tó mọ́ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ní Òkè-Sópẹ̀n àti ìyókù Ìjẹ̀bú-Igbó, kòkó àti igi gẹdú ni a fi mọ̀ wá. Nínú oṣù kẹrin sí ìkẹfà 2020, iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Nàìjíríà fi nǹkan bí ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Bí Èkó kò bá kọ́lé, ta ni alápákó yóò ta pákó fún? Iṣẹ́ ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dínkù dé ìdajì. Ètò ẹ̀kọ́ fi ìdá 24 dínkù, èyí sì kan àwa olùkọ́ gan-an: owó oṣù olùkọ́ ìjọba ń wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kò rí kọ́bọ̀. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jẹ́ oníbàárà olóúnjẹ àti onílé, gbogbo wọn lọ sílé. Iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lára èyí tí ó fi díẹ̀ lé sí i, pẹ̀lú iṣẹ́ tẹlifóònù tí ó ga lọ́lá àwọn tí ń fi fóònù ṣòwò. Àpapọ̀ ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè wa dínkù ní ìdá 6. Ti gbogbo ayé lọ́dún náà, nǹkan bí ìdá 3.

Ìyàtọ̀ ńlá tí ó wà láàárín méjèèjì nìyí: ní 1918, àrùn ni ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀, ní 2020, òfin ni ó gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ọlọ́jà. Èyí kò sọ pé òfin náà kò nídìí. Àwọn tí ó ṣe é ní ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ohun tí a ń sọ ni pé kò mọ ọjọ́ ọjà.

A kò ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 2020 àti 2021. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a kò kà mọ́ oníṣòwò ni ó ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ yẹn: aránṣọ tí ń rán aṣọ ẹgbẹ́ fún rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, onídìrí, onílù, olùtọ́jú ẹṣin. Ọdún 2022 ni a tó tún ṣe é.