Ìka Tí Kò Yà, Ìka Tó Lẹ̀ Pọ̀

Kí ilé ìwòsàn kankan tó dé ni Yorùbá ti ní orúkọ fún ọmọ tó mú ìka mẹ́fà wáyé: Olúgbódi. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, bíi Ìgè àti Dàda. Kò bú ọmọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ. Ọ̀nà yẹn ló yẹ kí a tọ̀ bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ fún ọwọ́ àbímọ́ tó yàtọ̀.

Ètò ìpín tí Oberg, Manske àti Tonkin gbé jáde ní 2010, tí àjọ àgbáyé àwọn oníṣẹ́ abẹ ọwọ́ gbà ní 2014, ya ọwọ́ tí kò dá pé látìbẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti dá tán kí nǹkan tó bà á jẹ́ nínú oyún. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní àìdápé, mo pe èkejì ní ìbàjẹ́ lẹ́yìn ìdá.

Ibẹ̀ ni “ìka tó lẹ̀ pọ̀,” bí a bá fi pe ìka tí a bí ní sísopọ̀, ti ń ṣini lọ́nà. Ọwọ́ ọmọ inú oyún kọ́kọ́ máa ń rí pẹrẹsẹ bí àjẹ̀ ìtukọ̀. Ẹran tó wà láàárín ìka á wá kú díẹ̀díẹ̀, ìka á sì yà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Bí ẹran náà kò bá kú, ìka kò ní yà. Kò sí èyí tó lẹ̀ mọ́ èkejì. “Ìka tí kò yà” ni mo fara mọ́. Bí a bá gé e kúrú sí “ìka àìyà,” ẹni tó mọ àkọtọ́ àtijọ́ á rò pé igbá-àyà là ń wí. “Ìka alẹ̀pọ̀” wà fún ọmọ tí fọ́nrán inú àpò omi oyún dì ní ìka: ìka rẹ̀ ti yà kí ọgbẹ́ tó lẹ orí wọn pọ̀.

Ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n láti Àjégúnlẹ̀ tàbí Àpápá lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, tó ti wà láti 1945, á fẹ́ mọ ohun tí wọn yóò ṣe. Fún ìka tí kò yà, wọ́n á gé awọ ní wọ́gọwọ̀gọ, torí àpá tó bá nà gbọọrọ lè súnkì, kó fa ìka tẹ̀. Awọ tó wà nílẹ̀ kì í sábà tó yí ìka méjì ká, wọ́n á bù kún un láti ibòmíràn lára: awọ àbùlẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ àwọn aránṣọ. Ọmọ tí kò ní àtàǹpàkò, wọ́n á yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ ìfábẹ̀lá rẹ̀ di àtàǹpàkò.

Ní Àjégúnlẹ̀, níbi tí Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́ àti Urhobo jọ ń gbé, àlàyé nọ́ọ̀sì lè gba inú pidgin kọjá kó tó dé etí ìyá. Orúkọ tó bá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kì í sọnù lọ́nà, ó sì ń sọ iṣẹ́ tó kù: ìka tí kò yà, wọ́n á yà á.