Orin, Oògùn àti Ọwọ́ Ọlọ́pàá

Ohun tí orí rò yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ ń dì mú. Bí olè bá jí ewúrẹ́ gbé, ewúrẹ́ kò sí nílé mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kọ orin tí ẹlòmíràn dá, orin náà ṣì wà lẹ́nu ẹni tí ó dá a. Kí ni a wá ń rán ọlọ́pàá lọ gbà padà? Láti dáhùn, a ó kọ́kọ́ yẹ ìtàn ilẹ̀ Faransé wò, nítorí pé ìlànà ibẹ̀ ni òfin tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò tọ̀.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 1793, nígbà ìyípadà ńlá, àwọn aṣòfin ní Páríìsì fi lélẹ̀ pé òǹkọ̀wé, olórin àti ayàwòrán ni ó ni ẹ̀tọ́ láti ta iṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi kú, kí àwọn àrólé rẹ̀ sì jẹ ẹ́ fún ọdún 10 sí i. Abala kẹta òfin náà ni agbára wà: bí oníṣẹ́ bá ti béèrè, dandan ni kí àwọn olùtọ́jú àlàáfíà ìlú gba gbogbo ìwé tí a tẹ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀, kí èrè rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀.

Ìwé ṣeé gbà. Orin ńkọ́? Ní ọdún 1847, Ernest Bourget, ẹni tí ń kọ orin, wọ ilé ìgbafẹ́ Les Ambassadeurs ní Páríìsì pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n mu ohun tí wọ́n mu, wọ́n sì gbọ́ tí a ń kọ orin tiwọn fún àwọn oníbàárà. Nígbà tí a béèrè owó, wọ́n kọ̀. Ohun tí wọ́n wí ni pé bí onílé kò bá san owó orin, àwọn náà kò ní san owó ohun mímu. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, Bourget jàre. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tún fọwọ́ sí i ní ọdún 1849. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ SACEM ti jáde ní ọdún 1851. Lójú tiwa, agbára òfin tọ́ níbẹ̀. Orin Bourget ni onílé fi ń pe èrò wọlé, owó tí ó sì wà lápò rẹ̀ ni a ní kí ó pín, a kò gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962, Dahomey wà lára orílẹ̀-èdè 12 tí ó fọwọ́ sí àdéhùn Libreville. Àdéhùn Bangui ti ọdún 1977 rọ́pò rẹ̀, Yaoundé sì ni olú ilé-iṣẹ́ OAPI wà. Àdéhùn kan náà ló kó olórin àti ilé-iṣẹ́ oògùn pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó wà nídìí ọ̀ràn méjèèjì kò dọ́gba rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo pápákọ̀ òfuurufú Schiphol ní Nẹ́dálándì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àwọn aṣọ́bodè dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó ń ti Íńdíà lọ sí Bràsíìlì dúró, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kan ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní Nẹ́dálándì. Láàárín àkókò náà ni a tún dá oògùn àrùn sídà tí ó ń lọ sí Nàìjíríà dúró níbẹ̀. Oògùn méjèèjì bófin mu níbi tí a ti ṣe é àti níbi tí ó ń lọ. Ọ̀nà lásán ni ó ń gbà kọjá. Ẹni tí ó nílò oògùn sídà kò lè sọ fún àìsàn pé kí ó dúró de ilé ẹjọ́. Agbára bẹ́ẹ̀ kò ní àre kankan lójú wa, bí òfin tilẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, Ilé Ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé ẹrù tí ń kọjá lásán, tí a kò fẹ́ tà ní Yúróòpù, kì í ṣe ayédèrú nítorí ìkọjá náà nìkan.

Nílé wa ní Kétu, bí Ẹ̀fẹ̀ bá kọrin lóru, ọmọdé á ti mú un lẹ́nu kí ilẹ̀ tó mọ́, inú àgbà á sì dùn. Ẹni tí ó gba ohùn náà sínú fóònù láti gbọ́ nílé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹni tí ó ń tà á lọ́jà láìfún ọ̀kọrin ní kọ́bọ̀, òun ni aládùúgbò Bourget, òun sì ni ó yẹ kí ilé ẹjọ́ ránṣẹ́ pè.