Híhanrun tó ń dí èémí lójú oorun: Ibi tí ọ̀fun ti ń dí ló ń sọ irú iṣẹ́ abẹ tó yẹ

Ariwo bàálù tó ń gbéra, tó ń balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ti mọ́ àwọn ará Àjàó Estate lára. Àmọ́ ariwo kan wà nínú yàrá tí kò yẹ kó mọ́ èèyàn lára: híhanrun tó ń ròkè, tó dákẹ́ lójijì, tí onítọ̀hún á wá ta gìrì, á sì máa mí hẹlẹ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Àwọn kan á ní oorun àsùnwọra ni. Àìsàn ni o. Obstructive sleep apnea ni àwọn dókítà ń pè é.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀fun?

Egungun ló yí ihò imú ká, egungun rírọ̀ ló sì gbé gògóńgò dúró. Ṣùgbọ́n láàárín méjèèjì, lẹ́yìn ahọ́n, ẹran àti iṣan nìkan ló wà níbẹ̀. Téèyàn bá lajú sílẹ̀, iṣan yìí ń fa ọ̀nà náà ṣí. Téèyàn bá sùn, iṣan á dẹ̀, ọ̀nà tó bá sì ti há tẹ́lẹ̀ á pa dé.

Bí èémí àgbàlagbà bá dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ó kéré tán, wọ́n á kà á sí ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá ju 30 lọ láàárín wákàtí kan, ó ti le gan-an. Ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Awakọ̀ tó ní i lè tòògbé lórí òpópónà Òṣòdì sí Àpápá.

Iṣẹ́ abẹ wo ló wà?

Lára àwọn ọmọdé, tonsil àti adenoid tó wú lẹ́yìn imú àti nínú ọ̀fun ló sábà máa ń fà á. Yíyọ wọ́n ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí òbí ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ṣọ́ra, torí tiwọn sábà máa ń wú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde lẹ́nu ọmọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

Ti àgbàlagbà yàtọ̀. Ẹ̀rọ CPAP, tó ń fẹ́ atẹ́gùn gba imú wọlé, ni wọ́n sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Colin Sullivan gbé e jáde ní Ọsirélíà lọ́dún 1981. Iná ló ń lò ní gbogbo òru, ìyẹn sì jẹ́ ìṣòro lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1981 yẹn náà ni Fujita àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ abẹ UPPP jáde: wọ́n á yọ tonsil, wọ́n á gé díẹ̀ lára àjà ẹnu rírọ̀ àti bẹ́lúbẹ́lú. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn, torí ó lè jẹ́ ìdí ahọ́n ló ń dí ọ̀nà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè nílò iṣẹ́ abẹ tó ń fa egungun àgbọ̀n òkè àti ti ìsàlẹ̀ síwájú. Lọ́dún 2014, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ àyà, tó ń ta iṣan ahọ́n jí lóru. Títo egungun àárín imú tó wọ́ máa ń jẹ́ kí èémí já gaara, ṣùgbọ́n òun nìkan kì í sábà wo àìsàn yìí.

Gígé bẹ́lúbẹ́lú lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kì í ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà, àrùn ipá sì lè wọlé.

Níbo ni kí èèyàn lọ?

Ará Àjàó Estate lè kọ́kọ́ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ìsọlọ̀. Àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun wà ní LASUTH ní Ìkejà àti LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ẹni tó ń hanrun kò lè gbọ́ ara rẹ̀, nítorí náà kí ẹni tí wọ́n jọ ń sùn fi fóònù ká fídíò rẹ̀ lóru, kí wọ́n sì mú un dání lọ. Kí wọ́n bi dókítà pé: ibo gan-an ni ọ̀nà èémí ti ń dí?