Òfin Ṣòkòtò ní Ìlú Párísì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí ènìyàn bá ti múra ni a ti ń kí i. Aṣọ rẹ̀ ni a sì fi ń mọ ibi tí ó lè wọ̀ àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Nítorí náà, bí ìjọba kan bá ṣòfin lórí aṣọ, ó yẹ kí a wo ohun tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn aṣọ náà. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà rí ní Párísì, olú-ìlú ilẹ̀ Faransé.

Ní ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ọdún 1800, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá Párísì pàṣẹ pé obìnrin tí ó bá fẹ́ múra bí ọkùnrin gbọ́dọ̀ wá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Nítorí àìlera nìkan ni a fi lè fún un, oníṣègùn sì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ní ọdún 1789 ni àwọn ará ilẹ̀ náà ti kéde pé ọgbọọgba ni a bí ènìyàn. Ìkéde náà kò dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin.

Rosa Bonheur, ayàwòrán ẹranko tí òkìkí rẹ̀ kàn, wà lára àwọn tí ó gba ìwé náà. Iṣẹ́ rẹ̀ a máa mú un lọ sí odò ẹran àti ọjà ẹṣin, láàárín ọ̀pọ̀ ọkùnrin, níbi tí yẹ̀rì gígùn yóò ti dí i lọ́wọ́. Ṣòkòtò ni ó wọ̀ lọ wo àwọn ẹṣin tí ó yà sínú àwòrán ńlá rẹ̀ nípa ọjà náà, èyí tí ó fi han gbogbo ayé ní ọdún 1853. Ìwé àṣẹ tí ó gbà ní ọdún 1857 kò ju ti oṣù mẹ́fà lọ. Ní ọdún 1865, Eugénie, aya ọba, fi oyè Légion d'honneur dá a lọ́lá. Obìnrin ayàwòrán kankan kò gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí a fi irú oyè bẹ́ẹ̀ dá lọ́lá kò lè wọ ṣòkòtò jáde láìtọrọ àyè.

Ní ọdún 1892 àti 1909, a dẹ okùn òfin náà díẹ̀: obìnrin tí ó bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí ìjánu ẹṣin mú lè wọ ṣòkòtò. Nígbà tí ó di ọdún 1966, Yves Saint Laurent rán kóòtù dúdú àti ṣòkòtò tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ lọ sí àsè alẹ́ fún àwọn obìnrin. Síbẹ̀, ní ọdún 1972, ẹ̀ṣọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin dá Michèle Alliot-Marie dúró lẹ́nu ọ̀nà nítorí ṣòkòtò. Ó fèsì pé bí ó bá jẹ́ ṣòkòtò ni ó ń dà wọ́n láàmú, òun yóò bọ́ ọ kíákíá. Obìnrin yìí kan náà ni ó di mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2002.

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2013 ni Najat Vallaud-Belkacem, mínísítà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin, tó kéde pé òfin náà kò lágbára mọ́, nítorí ó tako ìdọ́gba ọkùnrin àti obìnrin tí ilẹ̀ náà ti kọ sínú òfin ńlá rẹ̀ láti ọdún 1946. Ó ti lo ohun tí ó lé ní igba ọdún nínú ìwé.

Ohun tí ó hàn gbangba nínú ìtàn yìí ni pé ọ̀nà ni ẹni tí ó ṣòfin aṣọ ń ṣọ́. Ọ̀nà ọjà, ọ̀nà iṣẹ́ àti ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ ni a fi ṣòkòtò dí mọ́ àwọn obìnrin Párísì. Àwọn tí ó sì kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá kò wá ẹ̀ṣọ́ ara. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n fẹ́ ṣe.